Ìgbẹ̀yìn Lalayò Ń Ta

Ní ọjọ́ Sátidé, 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ẹgbẹ́ agbábésíbọ́ọ̀lù Detroit Tigers wà lórí pápá tiwọn fúnra wọn. Àlejò wọn, Minnesota Twins, ti fi ayò 8 síwájú. Àwọn onílé ò tíì rí ẹyọ kan mú. Ká sòótọ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Láti ìparí oṣù Kẹta tí sáà náà ti bẹ̀rẹ̀, Tigers ti fìdí rẹmi nígbà 119. Ti ọjọ́ yẹn àti ti ọjọ́ kejì ló kù. Bí wọ́n bá pàdánù ọ̀kan, wọ́n á bá New York Mets ti ọdún 1962 dọ́gba ní 120, iye tó burú jù lọ láti ọdún 1900. Bí wọ́n bá pàdánù méjèèjì, wọ́n á di 121, wọ́n á sì dá wà lórí òkè ẹ̀sín náà.

Ẹ fi ara yín sí ipò wọn ná. Ife ẹ̀yẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti oṣù Kẹrin. Kò sì rí bíi ti Premier League, níbi tí ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ti máa ń jà títí dópin kí wọ́n má bàa já a sí líìgì kejì. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í já ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ètò wọn tiẹ̀ tún máa ń ṣojú rere sí ẹni tó kẹ́yìn, torí pé ẹgbẹ́ tó burú jù máa ń wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun. Tigers ti kẹ́yìn tipẹ́tipẹ́. Bí wọ́n jáwé olúborí, bí wọn ò jáwé olúborí, nọ́ńbà kan péré nínú ìwé ló máa yí padà.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń jà? Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ìdí ìtàn yìí.

Eré tí ẹnì kan ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ relé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa, àmọ́ bésíbọ́ọ̀lù ò yé wa. Kò le. Ẹgbẹ́ méjì ni. Ẹgbẹ́ kan á máa jù, ẹgbẹ́ kejì á máa gbá. Tó bá yá, wọ́n á pààrọ̀. Ìyípo mẹ́sàn-án ni eré kan. Ajùbọ́ọ̀lù á ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Tí onígi bá gbá a, á sáré gba igun mẹ́rin kọjá. Tó bá padà dé ibi tó ti gbéra láìjẹ́ pé wọ́n mú un, ayò kan nìyẹn. Kò sí aago tó ń ka ìṣẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀mì. Wọ́n á gbá a títí ẹnì kan á fi borí.

Ohun méjì ló yẹ ká fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni iye eré. Nínú Premier League, eré 38 ni ẹgbẹ́ kan máa ń gbá lọ́dún. Nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, 162 ni, láàárín oṣù mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ pàápàá sábà máa ń pàdánù tó ìgbà 60, ẹgbẹ́ tí ò sì dára á ṣì rí nǹkan bí 60 mú. Kí ẹgbẹ́ kan tó pàdánù 120, nǹkan ti ní láti bàjẹ́ lápá òsì, kó bàjẹ́ lápá ọ̀tún, kó sì máa bàjẹ́ lọ fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, orúkọ ajùbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ìṣẹ́gun sí, orúkọ ajùbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń kọ ìpàdánù sí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí pápá o. Àwọn onígi lè má rí ayò kan gbá wọlé, ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù lè jẹ́ kó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ẹnì kan ló máa gbé e relé.

Àwọn tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá

Kí Tigers tó dé ibẹ̀, àwọn kan ti ṣáájú wọn. Àwọn tó burú jù nínú gbogbo ìtàn eré náà ni Cleveland Spiders ti ọdún 1899. Eré 154 ni wọ́n gbá. Wọ́n borí nínú 20, wọ́n pàdánù 134. Àmọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ò jẹ̀bi púpọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Frank àti Stanley Robison, ló ni ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì tún ra ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú St. Louis. Wọ́n rò ó pé ọjà á tà ní St. Louis ju Cleveland lọ, ni wọ́n bá kó gbogbo àwọn tó mọṣẹ́ lọ síbẹ̀, títí kan Cy Young, ọ̀kan nínú àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó lókìkí jù láyé. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Cleveland.

Àwọn ará ìlú náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn ò wá mọ́. Ní ìpíndọ́gba, àwọn tó ń wá wòran ò tó 200 lọ́jọ́ kan. Bó ṣe di pé ojú ọ̀nà ni Spiders ń gbé nìyẹn, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì lọ jìyà. Nínú eré 41 tó kẹ́yìn, 40 ni wọ́n pàdánù. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn pátápátá, ní Cincinnati, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta sìgá ní hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ní kó wá bá wọn ju bọ́ọ̀lù. Ayò 19 sí 3 ni wọ́n fi lù wọ́n. Nígbà tí sáà parí, líìgì náà yọ ẹgbẹ́ mẹ́rin kúrò, Cleveland sì wà nínú wọn.

Nítorí irú ìwà àwọn Robison yìí, àti nítorí pé eré ayé ọjọ́un yàtọ̀, àwọn tó ń ṣírò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1900. Láti ìgbà yẹn, ti Mets ló burú jù. Tiwọn náà ní àlàyé. Ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n ní 1962, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ni, àwọn tí ẹgbẹ́ yòókù ò fẹ́ mọ́ ni wọ́n sì ní kí wọ́n ṣà. Casey Stengel tó ti gba ife ẹ̀yẹ méje pẹ̀lú Yankees ni kóòṣì wọn, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n pàdánù eré mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, 30 oṣù Kẹsàn-án, ní Chicago, onígi wọn kan, Joe Pignatano, gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó kó òun àti ẹni méjì mìíràn kúrò nínú eré lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó máa di igi mú kẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìpàdánù 120 ló jáde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará New York fẹ́ràn wọn. Ẹgbẹ́ méjì ló ti kó kúrò ní ìlú wọn lẹ́yìn sáà 1957, ojú ń pọ́n wọn, wọ́n sì gba àwọn ọmọ tuntun yìí bí wọ́n ṣe rí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Nígbà tó fi máa di 1969, Mets ti gba ife ẹ̀yẹ, ìpàdánù 1962 sì di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rín sọ.

Tigers ò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àtijọ́ ni wọ́n. Wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àwọn àgbà mẹ́ta

Ohun tó mú ti Detroit dunni jù ni àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kóòṣì àgbà ni Alan Trammell. Láàárín àwọn igbákejì rẹ̀ ni Kirk Gibson àti Lance Parrish wà. Ní 1984, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Tigers, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Trammell gan-an ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní àṣekágbá. Nínú eré 40 àkọ́kọ́ ọdún náà, 35 ni Tigers borí. Títí dòní, àwọn ará Detroit ṣì ń sọ ọ́.

Ní 2003, nínú eré 18 àkọ́kọ́, ọ̀kan péré ni wọ́n borí. Àwọn náà pàdánù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ bíi ti Mets. Nígbà tí gbogbo sáà fi máa parí, nínú eré 162, ìṣẹ́gun 43 ló wọlé. Ẹ wò ó: ohun tí Trammell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ 40 eré, ó ku díẹ̀ kó gba àwọn ọmọ wọn ní odindi ọdún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà lọ́jà yìí o, orí ọmọ náà sì wọ́ gbáà.

Àìsàn náà ti pẹ́ lára. Láti 1993, Tigers ò tíì ní sáà kan tí ìṣẹ́gun ti ju ìpàdánù lọ. Ní 2002, wọ́n pàdánù eré 11 àkọ́kọ́, wọ́n sì lé kóòṣì ọdún yẹn kí ìkọkànlá ọ̀hún tó pé. Dave Dombrowski tó ń darí ẹgbẹ́ náà pinnu láti tún ilé kọ́ láti ìpìlẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n ju àwọn ọ̀dọ́ sórí pápá bó ti wù kó rí, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Jeremy Bonderman jẹ́ ọmọ 20 ọdún. Líìgì kékeré tó jìnnà sísàlẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá tààrà, ó wá ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn àgbà onígi tó ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ẹni tó kọ̀ láti sá

Ajùbọ́ọ̀lù mẹ́ta wọn ló pàdánù jù ní gbogbo líìgì lọ́dún yẹn: Mike Maroth 21, Bonderman 19, Nate Cornejo 17. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, pé kí àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn wá láti ilé kan náà.

Ẹ gbé 21 àti 19 yẹn wò dáadáa, ìtàn wà láàárín wọn. Ìpàdánù 20 jẹ́ ààlà kan nínú bésíbọ́ọ̀lù. Kò sí òfin tó so ó mọ́ nǹkan kan, ojú lásán ló ń tini. Láti 1980 tí Brian Kingman ti Oakland ti pàdánù 20, kò sí ẹni tó tún débẹ̀ fún ọdún 23. Àwọn tó bá sún mọ́ ọn, wọ́n sábà máa ń rí ọ̀nà yọ wọ́n kúrò: ẹ jẹ́ ó sinmi, apá ń dùn ún, ẹ jẹ́ ká dán ẹlòmíràn wò.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Bonderman nìyẹn. Nígbà tó dé 19, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. A ò rí àbùkù níbẹ̀. Ọmọdé ni. Bó o bá gbé ọmọ 20 ọdún sáàárín iná, ó tọ́ kó o wá omi dání.

Maroth náà lè sá. Ẹni ọdún 26 ni, òun ni wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá nínú sáà náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fò ó dá nígbà tí 20 ń sún mọ́lé. Ó kọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa jù ní gbogbo ìgbà tó bá kan òun. Ní 5 oṣù Kẹsàn-án, ní Toronto, ìpàdánù 20 dé. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ó tún jù.

Ìran wa kórìíra ẹ̀sín. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwà Maroth kọ́kọ́ dà bí àgídí lójú wa. Kí ló dé tí èèyàn á mọ̀ọ́mọ̀ rìn lọ bá ẹ̀sín níbi tó jókòó sí? Àmọ́ nígbà tá a wo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, a rí ohun kan. Ìgbà 9 ni Maroth borí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ajùbọ́ọ̀lù Tigers, kò sí ẹni tó borí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣẹ́gun 43 tí ẹgbẹ́ náà ní, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó pàdánù jù náà ló tún borí jù, torí pé òun ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ká ní ó sá fún 21, àwọn kan nínú 9 ì bá bá a lọ.

Àwa tá à ń kọ èyí, iṣẹ́ sọ́fítíwíà là ń ṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí pé ilé-iṣẹ́ kan pinnu láti pa áàpù kan tá a ti fi ọdún méjì kọ. Wọ́n ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ọwọ́ gbogbo wa rọ. Ẹlòmíràn ti ń wá iṣẹ́ tuntun lórí fóònù kí ìpàdé tó tú. Ọ̀kan nínú wa ṣì jókòó, ó ń tún àṣìṣe kan ṣe tí kò kan ju ìwọ̀nba oníbàárà díẹ̀ lọ. A bi í pé kí ló tún ń tún ṣe níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ṣì máa lò ó títí di ọjọ́ Ẹtì. Kò fi ṣe yangàn, kò sì gbójú sókè. Nígbà tá a ń kà nípa Maroth, òun ló ń wá sí wa lọ́kàn.

Sátidé àti Sọ́ńdè

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, eré mẹ́fà ló kù, ìṣẹ́gun wọn jẹ́ 38, ìpàdánù 118. Wọ́n ti kọjá 117 tí Philadelphia Athletics pàdánù ní 1916, ìyẹn ni pé nínú American League, tiwọn ti burú ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ìyẹn ti bọ́, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Èyí tó kù ni ti Mets, kí wọ́n sì tó lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, wọ́n ní láti borí nínú márùn-ún nínú mẹ́fà náà. Ẹgbẹ́ tí kì í borí tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin!

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé fi máa mọ́, wọ́n ti borí ìgbà mẹ́ta, wọ́n ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kan. 119. Kò sí àyè fún àṣìṣe mọ́. Ibẹ̀ la wà nígbà tí Twins fi ayò 8 síwájú.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ náà tán: Twins ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ti gba ipò àkọ́kọ́ ní ìpín wọn, ìdíje tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì ni ọkàn wọn wà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kú lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, ayò 8 ni ayò 8. Kò sí ẹni tó máa ń bá ẹgbẹ́ tó pàdánù 119 dá a padà fún un.

Kí eré náà tó parí, 8 sí òdo ti di 8 sí 8. Ní ìyípo kẹsàn-án, Twins gbé Jesse Orosco jáde láti jù. Ẹni ọdún 46 ni, kò sì sí ajùbọ́ọ̀lù tó tíì kópa nínú eré púpọ̀ tó o: 1,252 ni. Alex Sanchez ti Tigers wà lórí ìlà, ó ń wá ọ̀nà délé. Orosco ju bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà yà, ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí i mú, Sanchez sì sáré wọlé. 9 sí 8. Eré parí. Orosco ò tún ju bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá mọ́ láé.

Ibi tó ti pani lẹ́rìn-ín nìyí. Orosco yìí kan náà ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn nígbà tí Mets gba ife ẹ̀yẹ ní 1986. Ọmọ ilé Mets ni. Bọ́ọ̀lù tó ṣì jù yẹn ló wá jẹ́ kí ẹ̀sín 1962 ṣì wà lọ́rùn Mets fún ọdún mọ́kànlélógún sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè, Tigers borí 9 sí 4. 43 sí 119. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n relé.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Tó bá jẹ́ pé fíìmù la fẹ́ fi ìtàn yìí ṣe, a ò bá sọ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà, torí pé ní 2006, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Tigers borí nínú eré 95, wọ́n sì dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé, kí St. Louis Cardinals tó fi 4 sí 1 lé wọn padà.

Ṣùgbọ́n irọ́ lèyí á jẹ́. Owó ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: kí sáà 2004 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ra Ivan Rodríguez, ìràwọ̀ ńlá. Ìpín ẹni tó kẹ́yìn tún ṣiṣẹ́. Òfin ìgbà yẹn ni pé líìgì méjèèjì máa ń gbà á yí po, nítorí náà San Diego ló kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní 2004, Tigers ló ṣe ìkejì, wọ́n sì mú Justin Verlander. Ní 2006, Verlander borí ìgbà 17, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dára jù. Kò sí èyí tí ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn fà nínú wọn. Ká ní wọ́n pàdánù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Verlander ì bá ṣì wá.

Àwọn tó jìyà ọ̀hún ńkọ́? Wọ́n lé Trammell lẹ́yìn sáà 2005. Ẹlòmíràn, Jim Leyland, ló jókòó síbẹ̀ nígbà tí oúnjẹ jinná. Maroth ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìgbọ̀nwọ́ ní 2006, kò sì ju bọ́ọ̀lù kankan nínú ìdíje ìkẹyìn ọdún náà. Bonderman ni ọkàn wa fi balẹ̀ fún. Òun ló ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí Tigers lé Yankees jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá eré náà jù tán. Ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ kí ẹ̀sín 20 má bàa bà á, òun ló jẹ nínú ọbẹ̀ náà. Ayé ò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń pín ẹran.

Ọdún 21 lẹ́yìn rẹ̀

Ní 2024, ìpàdánù 120 rí ẹni tó máa gbà á. Chicago White Sox pàdánù eré 21 léraléra láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Wọ́n lé kóòṣì wọn. Àwọn alátìlẹ́yìn ń pariwo nínú pápá pé kí olówó ẹgbẹ́ náà tà á. Ní 22 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n pé 120, wọ́n bá Mets dọ́gba. Eré mẹ́fà ló kù.

Wọ́n borí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ilé. Wọ́n wá wọ ọkọ̀ lọ síbi tí mẹ́ta tó kẹ́yìn ti máa wáyé. Ẹ lè mọ ibi tó jẹ́: Detroit. Ní 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 21 géérégé sí ọjọ́ tí Sanchez sáré wọlé, Tigers fi 4 sí 1 lu White Sox nínú pápá yẹn kan náà. Ìpàdánù 121. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́gun yẹn ló gbé Tigers wọ ìdíje ìkẹyìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014. Ẹgbẹ́ kan ń jó lápá kan, ẹgbẹ́ kejì ń kó ẹrù rẹ̀ lápá kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, White Sox ṣe nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kọbi ara sí. Wọ́n borí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n tún borí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ ṣírò rẹ̀: márùn-ún nínú mẹ́fà. Ohun tí Tigers ṣe ní 2003 gan-an ni wọ́n ṣe, láìyẹ̀ ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Tigers bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà láti 118, White Sox bẹ̀rẹ̀ láti 120. Àwọn kan bọ́, àwọn kan ò bọ́.

Àwa tá a máa ń fi nọ́ńbà ṣe iṣẹ́ oòjọ́ mọ bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń dákẹ́. Mets gbá eré 160 tó ní ìparí, wọ́n borí 40, ìdá kan nínú mẹ́rin. White Sox gbá 162, wọ́n borí 41, ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Tó o bá ka ìpàdánù, White Sox ló burú jù. Tó o bá ka ìpín ìṣẹ́gun, Mets ni. Ìwé kan náà, ìdáhùn méjì. Kò sì sí èyí nínú méjèèjì tó máa sọ fún ọ nípa ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nípa ẹni tó wá síbi iṣẹ́ nígbà tí kò sí èrè mọ́ àti ẹni tí kò wá.

Spiders ti 1899 ò tún ní ohun tí wọ́n ń jà fún, wọ́n sì jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀: 40 nínú 41. A ò lè dá wọn lẹ́bi, àwọn tó ni wọ́n ló kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Tigers àti White Sox, àwọn náà mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n sì tún gbá a.

Òwe wa kan ní ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tá a máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ayò á wá jẹ nígbẹ̀yìn, ẹ ní sùúrù. A ti ronú sí i, a ò rò pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Òwe náà ò ní ó máa jẹ. Ó ní ó máa ta ni. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án, 2003, ẹgbẹ́ tó ti pàdánù 119 jáde sórí pápá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nínú sáà. Wọ́n ta á.